Wolframite: Òkúta tí a ti ń rí Tungsten

Wolframite jẹ́ ọ̀kan nínú ohun àlùmọ́nì méjì tí a ti ń rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú tungsten ayé. Scheelite ni èkejì. Irin, manganese, tungsten àti ọ́síjìn ni ó para pọ̀ dì í, àmì ìṣẹ̀dá rẹ̀ sì ni (Fe,Mn)WO₄. Bí irin inú rẹ̀ bá pọ̀ ju manganese lọ, ferberite ni à ń pè é. Bí manganese bá pọ̀ jù, ó di hübnerite.

Orúkọ rẹ̀
Láti inú èdè Jámánì ni orúkọ yìí ti wá. Ní 1546, Georgius Agricola pè é ní ‘ìhó ìkookò’ ní èdè Látìnì. Àwọn tí ń yọ́ tánganran ṣàkíyèsí pé bí òkúta yìí bá dà pọ̀ mọ́ tiwọn nínú iná ìléru, tánganran tí wọn yóò rí a dínkù, bí ẹni pé ìkookò wọ agbo àgùntàn. Ní 1783, Juan José àti Fausto Elhuyar, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, yọ mẹ́tàlì náà jáde lára wolframite ní Bergara, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì. Ìdí nìyí tí àmì tungsten fi jẹ́ W.

Àbùdá rẹ̀
Ó dúdú tàbí kí ó pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀ tó ṣú, ó sì ń dán. Líle rẹ̀ jẹ́ 4 sí 4.5 lórí òṣùwọ̀n Mohs. Ó wúwo ju omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 7. Cassiterite, òkúta tí a ti ń rí tánganran, jọ ọ́ púpọ̀, wọ́n sì máa ń wà pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ lè ha wolframite, kò lè ha cassiterite. Bákan náà, òòfà alágbára lè fa wolframite díẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń lò láti yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ibi ìwakùsà.

Ibi tí ó wà
Inú ìlà quartz tí ó gba inú òkúta akọ kọjá, tàbí ẹ̀bá rẹ̀, ni ó sábà máa ń wà. Omi gbígbóná abẹ́ ilẹ̀ ni ó gbé èròjà rẹ̀ dé ibẹ̀. Ó wà ní Panasqueira ní Pọ́túgà, ní Jiangxi ní Ṣáínà, àti ní Ririwai ní ìpínlẹ̀ Kánò, níbi tí òun àti tánganran ti jọ wà.

Ìwúlò àti ìjà tí ó ń fà
Kò sí mẹ́tàlì tí ó ń pẹ́ yọ́ tó tungsten: ó di 3,422°C. Nítorí náà ni wọ́n fi ń ṣe wáyà inú gílóòbù, irin tí a fi ń lu òkúta, àti ọta ìbọn tí ń gún irin. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Pọ́túgà tí kò bá ẹnikẹ́ni jà ń ta wolframite fún Jámánì àti Bírítéènì, títí ìjọba Salazar fi fòfin de títà rẹ̀ ní oṣù kẹfà 1944. Ní ìlà oòrùn Kóńgò, àwọn jàǹdùkú ológun ti rówó ra ohun ìjà láti ara irú àlùmọ́nì bẹ́ẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ti 2010 wá ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ kan máa jábọ̀ bóyá tungsten tí wọ́n ń lò ti agbègbè náà wá. Nípa báyìí, mímọ orísun òkúta yìí ti di apá kan nínú ẹ̀kọ́ nípa rẹ̀.