Ìbéèrè Tí A Kò Bi Ilé-Ẹjọ́: Gbèsè Orílẹ̀-èdè, Àríwá Ítálì àti Nàìjíríà, 1978–2006

Ní oṣù Keje ọdún 2001, àwọn olórí orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tí ayé ń pè ní G8 ṣe ìpàdé ní Genoa, ìlú èbúté ní àríwá Ítálì. Wọ́n pe àwọn olórí Áfíríkà mélòó kan wá síbẹ̀. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà lára wọn, pẹ̀lú Thabo Mbeki, Abdoulaye Wade, Abdelaziz Bouteflika àti Alpha Oumar Konaré. Ọgbà irin gíga ni ìjọba Ítálì fi yí àárín ìlú náà ká. Lóde ọgbà náà ni àwọn tó ti Turin, Padua, Milan, Bologna àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn wá fi ẹ̀hónú hàn wà. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, iye wọn lé ní 200,000.

Gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè òtòṣì wà lára ohun tí wọ́n ń jíròrò nínú ilé, ó sì wà lára ohun tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lóde. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan náà kọ́ ni. Nínú ilé, ìdáríjì ni: ta ni a óò fi jì, èló ni a óò fi jì í, kí ni yóò sì ṣe kí ó tó rí i gbà? Lóde, ọ̀pọ̀ ń béèrè ohun tó yẹ kí ó ṣáájú ìdáríjì: ta ni ó jẹ owó náà, ta ni ó ná an, ṣé gbèsè tó bófin mu ni rárá? Èyí àkọ́kọ́ ti di òfin àti àdéhùn. Èkejì náà wọ inú òfin Ítálì, ṣùgbọ́n kò kọjá ibẹ̀.

Kò yẹ kí ìyàtọ̀ náà ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Láyé àtijọ́, ẹni tó yá owó lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó ni èlé. Kò sí ọjọ́ kan nínú iṣẹ́ náà tó ń dín ojú owó kù. Bí ó bá fi ogún ọdún sìn, iye tí a yá ní ọjọ́ kìn-ín-ní náà ni a óò san kí ó tó gba ara rẹ̀. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní 1921, tẹnu mọ́ ọn pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, pé ó ṣì jẹ́ ọmọ ìlú tó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ná owó kọ́ ni ó sábà máa ń lọ sìn. Bàbá a jẹ gbèsè, ọmọ a lọ roko.

Ìṣirò Nàìjíríà kò jìnnà sí èyí. Ní 1978, ìjọba ológun yá bílíọ̀nù 1 dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkèèrè; Ọbásanjọ́ kan náà ni olórí ìjọba náà. Owó epo ń wọlé nígbà náà, àwọn báńkì sì ń wá ẹni tí wọn yóò yá lówó. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí èlé sì ti ga sókè lágbàáyé, ìjọba kò lè san mọ́. Láti 1986 ni Nàìjíríà ti ń tọ Ẹgbẹ́ Paris lọ láti tún ọjọ́ ìsanwó dá. Ẹgbẹ́ náà ni ìgbìmọ̀ àwọn ìjọba tó ń yáni lówó, Ítálì sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bí wọ́n ṣe ń tún ọjọ́ dá ni èlé tí a kò san àti owó ìtanràn ń gun orí ojú owó. Lẹ́yìn ìpàdé G8 ti Okinawa ní 2000, Ọbásanjọ́ sọ ìṣirò náà ní gbangba: nǹkan bí bílíọ̀nù 5 dọ́là ni Nàìjíríà yá títí di 1985 tàbí 1986, ó ti san nǹkan bí bílíọ̀nù 16, síbẹ̀ wọ́n ní ó ṣì ku bílíọ̀nù 28. Ènìyàn lè jiyàn lórí iye kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí wọ́n ṣe tò tẹ̀lé ara wọn ni kò ṣàjèjì sí ẹni tó mọ ìwọ̀fà.

Èrò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó dé iwájú adájọ́ ní gbòǹgbò ní àríwá Ítálì, inú ìjà pẹ̀lú ìjọba fásísì sì ni gbòǹgbò náà ti hù. A bí Lelio Basso ní Varazze, nítòsí Genoa, ní 1903. Ó kẹ́kọ̀ọ́ òfin jáde ní Pavia ní 1925. Ó kọ̀wé sí La Rivoluzione Liberale, ìwé ìròyìn tí Piero Gobetti dá sílẹ̀ ní Turin ní 1922, ọdún tí Mussolini gba ìjọba. Àwọn fásísì lu Gobetti ní àlùbolẹ̀. Ó sá lọ sí Paris, ó sì kú síbẹ̀ ní 1926, kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Ní 1928, ìjọba mú Basso, wọ́n sì lé e lọ sí erékùṣù Ponza. Nígbà tí ogun parí tí Ítálì ń kọ òfin ìpìlẹ̀ tuntun, Basso ni ó ṣe púpọ̀ nínú kíkọ ìpínrọ̀ kejì abala 3, tó sọ pé ojúṣe ìjọba ni láti mú ìdènà ọrọ̀ ajé tí kì í jẹ́ kí ènìyàn dọ́gba kúrò lọ́nà. Gbólóhùn náà ṣe pàtàkì níhìn-ín. Lójú Basso àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, òmìnira tí a kọ sínú ìwé kò tó bí ebi bá ṣì ń de ènìyàn mọ́lẹ̀. Láti ibẹ̀, kò jìnnà mọ́ láti bi ara ẹni bóyá orílẹ̀-èdè tó ti gba òmìnira, tí gbèsè ń darí ìnáwó rẹ̀, ti bọ́ lọ́wọ́ amúnisìn lóòótọ́.

Àwọn ará Genoa náà kò gbàgbé fásísì. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1960, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti àwọn ọ̀dọ́ kún ìgboro nítorí pé MSI, ẹgbẹ́ òṣèlú tí àwọn ọmọlẹ́yìn Mussolini dá sílẹ̀, fẹ́ ṣe àpérò níbẹ̀. Àpérò náà kò wáyé. Kí oṣù Keje tó parí, ìjọba Fernando Tambroni, tí MSI ń fi ìbò tì lẹ́yìn, ti wó.

Basso wà lára àwọn tó jókòó nígbà tí Bertrand Russell pe ìgbìmọ̀ ìdájọ́ jọ lórí ogun Vietnam. Òun ló sì darí èkejì, lórí Latin America, ní àárín àwọn ọdún 1970. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1978. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní oṣù Kẹfà 1979, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ péjọ sí Bologna, wọ́n sì dá ilé-ẹjọ́ kan sílẹ̀ tí kì í ṣe ti ìjọba kankan, Tribunale Permanente dei Popoli. Kò ní ọlọ́pàá, kò ní ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀rí àti ìwé ìdájọ́ ni gbogbo ohun tó ní. Ní oṣù Keje 1987, Thomas Sankara sọ fún àwọn olórí Áfíríkà ní Addis Ababa pé àwọn tó mú wa sìn náà ni àwọn tó yá wa lówó, kí gbogbo wọn pa ohùn pọ̀ kọ̀ láti san. Wọ́n pa á ní oṣù Kẹwàá ọdún náà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ilé-ẹjọ́ Bologna jókòó ní West Berlin, ó gbọ́ ẹ̀sùn lórí Báńkì Àgbáyé àti àjọ IMF, ó sì dá wọn lẹ́bi. Àwọn tí wọ́n dá lẹ́bi kò ka ìdájọ́ náà sí. Ó rọrùn láti fi irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ó mú kí àwọn amòfin Ítálì mọ́ra láti sọ̀rọ̀ gbèsè ní èdè òfin, èyí sì fara hàn lẹ́yìn ọdún méjìlá.

Lọ́nà mìíràn, inú ìjọ Kátólíìkì ni ọ̀rọ̀ náà ti tàn ká. Póòpù John Paul Kejì ti dá a lábàá ní 1994 pé kí ọdún Júbílì 2000 jẹ́ àkókò láti dín gbèsè àwọn òtòṣì kù. Ní àríwá Ítálì, ilẹ̀ ti wà ní ríro. Ní Padua ni Beati i costruttori di pace wà, ẹgbẹ́ àlááfíà tí àwọn àlùfáà agbègbè Veneto bẹ̀rẹ̀ ní 1985. Ní Verona ni àwọn míṣọ́nnárì Comboni ti ń tẹ ìwé ìròyìn Nigrizia. Nígbà tí Alex Zanotelli jẹ́ olóòtú rẹ̀, ó bu ẹnu àtẹ́ lu bí Ítálì ṣe ń ta ohun ìjà fún àwọn orílẹ̀-èdè tí ebi ń pa, ó sì ní láti fi ipò náà sílẹ̀ ní 1987. Sdebitarsi ni orúkọ ìpolongo Júbílì náà ní Ítálì. Ní oṣù Kejì ọdún 2000, olórin Jovanotti dìde ní àjọ̀dún orin Sanremo, lójú gbogbo Ítálì tó ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó sì kọrin béèrè lọ́wọ́ olórí ìjọba, Massimo D'Alema, pé kí ó pa gbèsè náà rẹ́. Àwọn òpìtàn kì í fẹ́ ka orin orí tẹlifíṣọ̀n sí ẹ̀rí. Àwọn aṣòfin kà á sí.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2000, Òfin 209 jáde. Ó fún ìjọba Ítálì láṣẹ láti pa gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè òtòṣì rẹ́, bí wọ́n bá ṣèlérí láti bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti láti kọ ogun sílẹ̀. Nàìjíríà kò jàǹfààní rẹ̀: àwọn orílẹ̀-èdè tí Báńkì Àgbáyé kà sí òtòṣì pátápátá ni òfin náà ń tọ́ka sí, Nàìjíríà elépo kò sì sí lára wọn nígbà náà. Abala 7 ni ó yàtọ̀. Ó sọ pé kí ìjọba Ítálì dábàá, láàárín àwọn àjọ àgbáyé tó yẹ, pé kí a bi Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ní The Hague bóyá àwọn ìlànà tó ń darí gbèsè àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà bá ìpìlẹ̀ òfin àti ẹ̀tọ́ ènìyàn mu. Ẹni tó bá ti ka ìwé ìdájọ́ 1988 yóò mọ ibi tí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti lè wá.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti dáhùn irú ìbéèrè yìí rí, lọ́nà tiwọn. Ní 1985, Ibrahim Babangida gbé ọ̀rọ̀ owó tí IMF fẹ́ yá Nàìjíríà síwájú gbogbo ènìyàn kí wọ́n jiyàn lé e lórí. Lọ́jà, ní yunifásítì, nínú ìwé ìròyìn, ọ̀pọ̀ ní rárá, ìjọba sì kéde ní oṣù Kejìlá pé òun kò gba owó náà. Ní 1986, ètò SAP dé, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ nínú ohun tí IMF ń béèrè. Ní oṣù Karùn-ún àti Kẹfà 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti mẹ̀kúnnù dìde sí i ní Èkó, Ìbàdàn àti Benin, ẹ̀mí sì ṣòfò.

Ní Genoa pẹ̀lú, ẹ̀mí ṣòfò. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2001, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa Carlo Giuliani, ọmọ ọdún 23, ní Piazza Alimonda. Ní òru ọjọ́ kejì, ọlọ́pàá ya wọ ilé ẹ̀kọ́ Diaz níbi tí àwọn tó fẹ̀hónú hàn sùn sí, wọ́n lù wọ́n, wọ́n sì kó ènìyàn 93. Ní bárékè Bolzaneto, wọ́n fi ipá mú àwọn tí wọ́n tì mọ́lé láti yin Mussolini, ní ìlú tó ti lé ẹgbẹ́ MSI padà ní 1960. Ní oṣù Kẹrin 2015, Ilé-Ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg sọ pé ìyà tó jẹ ọ̀kan nínú àwọn tó sùn ní Diaz jẹ́ ìdálóró, àti pé Ítálì kò ní òfin tó tó láti fìyà jẹ ẹni tó bá dáni lóró. Òfin náà jáde ní 2017. Ìbéèrè yẹn dé iwájú adájọ́.

Ti gbèsè kò dé ibẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2005, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Abuja dìbò pé kí Ọbásanjọ́ dá sísan gbèsè òkèèrè dúró. Ìjọba gba ọ̀nà mìíràn. Báńkì Àgbáyé yí ipò tó fi Nàìjíríà sí padà, Ngozi Okonjo-Iweala, mínísítà ètò ìnáwó, sì ṣáájú àwọn tó bá Ẹgbẹ́ Paris dúnàádúrà. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n fẹnu kò: nínú nǹkan bí bílíọ̀nù 30 dọ́là, wọn yóò fi bílíọ̀nù 18 jì, Nàìjíríà yóò sì san bílíọ̀nù 12.4. Sísan náà parí ní oṣù Kẹrin 2006. Ìtura ńlá ni, kò sì sí ìdí láti fojú kéré rẹ̀. Iye ni wọ́n ṣírò nínú àdéhùn náà, títí kan iye tó jẹ́ èlé lórí èlé. Ẹni tó ná an kò sí nínú ìṣirò.

Ní òpin ọdún 2023, gbèsè òkèèrè Nàìjíríà ti lé ní bílíọ̀nù 42 dọ́là. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ tó jẹ́ ìwé Eurobond, tí àwọn olówó àdáni káàkiri ayé rà. Àwọn wọ̀nyí kò sí nínú Ẹgbẹ́ Paris, kò sì sí yàrá kan tí a ti lè bá gbogbo wọn jókòó. Ilé-Ẹjọ́ ní The Hague kò tíì sọ èrò rẹ̀ rí lórí ohun tí abala 7 Òfin 209 ní kí a bi í.