Owó Ọkọ̀ Tí Kò Gbéra

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2023, mo wà ní àdúgbò Poudrière ní Niamey, nílé ìyá kan tó jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. (Ibi tí wọ́n ń kó ẹ̀tù ìbọn pa mọ́ sí ni ìtumọ̀ Poudrière lédè Faransé.) Ọmọ ìyá yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Abidjan, ìyá sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kó lè lọ bá a wẹ ọmọ. Àmọ́ àwọn ológun ti gbàjọba ní ọjọ́ 26 oṣù Keje. Ní ọjọ́ 30, àjọ ECOWAS ní kí bàálù akérò kankan má ṣe wọ Niger tàbí kó jáde níbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, àwọn ológun náà ti ojú òfurufú ilẹ̀ wọn pa pátápátá.

Ajẹ́ǹtì tó ta tíkẹ́ẹ̀tì náà sọ fún wa pé, "Màmá, ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kì í ṣe ẹjọ́ wa." Ìyá gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ta ni yóò pe òjò lẹ́jọ́?

Èmi kò gbà. Ìdí ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn. Àdéhùn Warsaw ọdún 1929 sọ̀rọ̀ nípa èrò tó kú, èrò tó fara pa, ẹrù tó sọnù àti bàálù tó pẹ́ dé. Kò sọ ohunkóhun nípa bàálù tí wọ́n fagi lé. Àdéhùn Montreal ọdún 1999 tó wá rọ́pò rẹ̀ náà kò dárúkọ rẹ̀.

Àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní bàálù tí kò gbéra. Orílẹ̀-èdè 11, Niger àti Dahomey wà lára wọn, ló dá Air Afrique sílẹ̀ lọ́dún 1961. Nígbà tó yá, gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Àwọn tó yá a ní bàálù wá ń gba bàálù wọn, èrò sì ń sun pápákọ̀ òfurufú pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Lọ́dún 2002, wọ́n pa ilé iṣẹ́ náà tì.

Ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní oṣù Kẹta ọdún 2003, UEMOA, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́jọ tó ń ná sẹ́fà, ṣe Òfin 03/2003 nípa èrò tí wọn kò jẹ́ kó wọ bàálù, bàálù tó pẹ́ gan-an, àti èyí tí wọ́n fagi lé. Òfin 261 tí àwọn ará Yúróòpù fi ń yangàn, ọdún 2004 ló jáde. (Òótọ́ ni pé wọ́n ti ní òmíràn láti 1991, àmọ́ kìkì èrò tí wọn kò jẹ́ kó wọlé nìyẹn wà fún.)

Ibi tí ajẹ́ǹtì ti ń tan ènìyàn ni pé ó da owó méjì pọ̀ mọ́ra wọn. Ọ̀kan ni owó gbà-má-bínú: bí ogun tàbí ìjì bá ti ojú òfurufú pa, ilé iṣẹ́ bàálù lè bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn. Èkejì ni owó tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀. Wọn kò gbé ìyá dé ibì kankan, nítorí náà owó ìyá ṣì ni. Ẹ̀bi ẹnikẹ́ni kò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

A kọ lẹ́tà lédè Faransé, a fi nọ́ńbà òfin náà sí i, a so ẹ̀dà rìsíìtì mọ́ ọn. Ajẹ́ǹtì ní kí a lọ bá ilé iṣẹ́ bàálù. Ilé iṣẹ́ bàálù ní kí a padà sọ́dọ̀ ajẹ́ǹtì. Wọ́n ṣí ojú òfurufú padà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án, àmọ́ owó tí ìyá ì bá fi ra tíkẹ́ẹ̀tì mìíràn ṣì há sọ́dọ̀ wọn, owó sì ti wọ́n ní báǹkì nítorí ìjìyà tí wọ́n fi jẹ Niger. Ọ̀nà Burkina Faso kò ṣeé gbà fún àgbàlagbà tó fẹ́ dé láyọ̀.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n san owó náà, ìkejì sì wọlé ní oṣù Kejìlá. Niger ti kúrò nínú ECOWAS láti oṣù Kíní ọdún 2025, àmọ́ kò kúrò nínú UEMOA, òfin 2003 sì ṣì wà níbẹ̀. Ìyá dé Abidjan ní oṣù Kíní ọdún 2024. Ọmọ náà ti ń jókòó.