Ìsìn Mísà àti Òdodo Láwùjọ Nínú Èrò Virgil Michel

Virgil Michel (1890–1938) jẹ́ àlùfáà àti onímọ̀ ní ilé àwọn mọ́ńkì St. John's ní Collegeville, ìpínlẹ̀ Minnesota, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn ọkùnrin tó jẹ́jẹ̀ẹ́ lábẹ́ òfin Bẹ́nẹ́díìtì Mímọ́ ti jọ ń gbé nínú àdúrà àti iṣẹ́. Àwọn òpìtàn sábà máa ń kà á mọ́ àwọn tó tún ìsìn Àgùdà ṣe, nítorí pé òun ló dá ìwé àtìgbàdégbà Orate Fratres sílẹ̀ ní 1926, èyí tó ń jẹ́ Worship láti 1951. Òtítọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ wọn kò sọ ọ́ tán, nítorí pé lójú Michel, ohun tí ìjọ ń ṣe níwájú pẹpẹ àti owó ọ̀yà tí òṣìṣẹ́ ń gbà jẹ́ ọ̀ràn kan ṣoṣo.

Ní Róòmù, nígbà tí wọ́n rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Yúróòpù ní 1924, ló ti pàdé Lambert Beauduin, mọ́ńkì ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù tó ti ṣe àlùfáà àwọn òṣìṣẹ́ kó tó wọ ilé mọ́ńkì. Ẹ̀kọ́ tó gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni ti Ara Kristi, ìyẹn ẹ̀kọ́ Pọ́ọ̀lù pé ẹ̀yà ara kan ni gbogbo onígbàgbọ́, tí ìyà ẹ̀yà kan sì jẹ́ ìyà gbogbo ara. Lásìkò náà, èdè Látìn ni wọ́n fi ń ṣe Mísà, tí ọ̀pọ̀ nínú ìjọ ń ka rósárì wọn ní jẹ́jẹ́ bí àlùfáà ti ń rúbọ, tí oníkálukú ń wá ìgbàlà tirẹ̀. Michel rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò parí sí ṣọ́ọ̀ṣì, torí ẹni tí ìsìn ti kọ́ láti dá wà níwájú Ọlọ́run kò ní rí ohun tó burú nínú kó máa dá jẹ lọ́jà àti nílé iṣẹ́.

Àlàyé rẹ̀ tó lókìkí jù jáde ní 1935. Póòpù Pius Kẹwàá ti kọ ọ́ ní 1903 pé kíkópa nínú ìsìn ìjọ ni orísun àkọ́kọ́ fún ẹ̀mí Kristẹni tòótọ́. Pius Kọkànlá, nínú lẹ́tà Quadragesimo Anno ti 1931, nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé ti dẹnu kọlẹ̀, kọ ọ́ pé láìsí ẹ̀mí náà àwùjọ kò lè ní àtúnṣe. Nítorí náà, ni Michel wí, ìsìn ni ìpìlẹ̀ àtúnṣe àwùjọ. Àlàyé náà gún régé, ṣùgbọ́n kò sọ bí ìsìn ṣe ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì rọrùn láti ta kò ó: ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì Amẹ́ríkà nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀yìn ni àwọn Àgùdà aláwọ̀ dúdú ń jókòó sí, bẹ́ẹ̀ Mísà kan náà ni gbogbo wọn ń gbọ́.

Ẹ̀kọ́ Ara Kristi ló dáhùn àtakò yìí. Nígbà tí ebi ń pa àwọn kan nídìí oúnjẹ Olúwa ní Kọ́ríńtì tí àwọn mìíràn ń mutí yó, Pọ́ọ̀lù kò sọ pé ìsìn wọn dára àmọ́ ìwà wọn kù díẹ̀ káàtó. Ó ní ohun tí wọ́n ń jẹ kì í ṣe oúnjẹ Olúwa. Justin Ajẹ́rìíkú náà, ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún kejì, ròyìn pé inú ìpàdé ọjọ́ Ìsinmi gan-an ni àwọn tó rí jájẹ ti ń kó ọrẹ jọ fún opó, ọmọ aláìlóbìí, aláìsàn, ẹlẹ́wọ̀n àti àlejò. Bí ọ̀ràn bá rí báyìí, ìjókòó ẹ̀yìn yẹn ba Mísà fúnra rẹ̀ jẹ́, ó sì ti Michel lẹ́yìn ju bó ṣe ta kò ó lọ.

Àìsàn gbé Michel kúrò ní Collegeville ní 1930, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta láàárín àwọn ará Ojibwe, ọmọ onílẹ̀ ìhà àríwá Minnesota. Ìsinmi lásán ni àwọn kan ka àwọn ọdún náà sí, èyí tó ṣòro láti gbà, nítorí lẹ́yìn tó padà dé ní 1933 ni ìwé rẹ̀ lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, owó ọ̀yà àti àléébù ìjọba afipá-múni gbilẹ̀ jù, tí òun àti ẹgbẹ́ Catholic Worker, tí Dorothy Day fi ń ran àwọn tálákà lọ́wọ́, sì jọ ń ṣe pọ̀.

Ó kú ní ẹni ọdún 48. Ní 1963, ìpàdé àpapọ̀ Vatican Kejì fi ìwé Sacrosanctum Concilium fún ìjọ láṣẹ láti kópa ní kíkún nínú ìsìn, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí àṣeparí iṣẹ́ Michel. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti owó ọ̀yà dúró de ìwé mìíràn, Gaudium et Spes, ní 1965, tó fi jẹ́ pé ohun tí Michel so pọ̀ di ìwé méjì, tí àwọn tó ń kọ́ni ní ìsìn ń ka ọ̀kan, tí àwọn tó ń jà fún òṣìṣẹ́ sì ń ka èkejì.