Kíjìpá Kì í Ṣaṣọ Ọ̀lẹ Létí Ọ̀sà

"Kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, òfì laṣọ àgbà, àgbà tí kò ní òfì, a rọ́jú ra kíjìpá." Lójú tèmi, ọkùnrin ahunṣọ ló pa òwe yìí. Òun kúkú ni í jókòó ti òfì tí ń yọ aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, tí kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Obìnrin ló ni kíjìpá. Òfì tirẹ̀ nàró ti ògiri nínú ilé, aṣọ ibẹ̀ sì fẹ̀: rán méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, ó di ìbora tí ọyẹ́ kò lè gbà kọjá. Òwú rẹ̀ nípọn, kì í tètè gbó. Ọ̀lẹ rà á lẹ́ẹ̀kan, ó sinmi ìnáwó. Ṣé ẹ̀bi kíjìpá nìyẹn?

Àmọ́ gbé òwe náà wá sílẹ̀ Ìjẹ̀bú, títí dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ mọ́. Òfì obìnrin yìí kan náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló ń bí aṣọ olónà, òun náà ló ń bí ìtagbè tí àwọn àgbà Òṣùgbó, ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀, ń gbé kọ́ èjìká. Bí ahunṣọ ti ń ti òwú ìdábùú kọjá, ìka ló fi ń ki òwú mìíràn bọ àárín rẹ̀ níbi tó bá fẹ́ kí ọnà yọ. Iye òwú tí yóò fò, orí ló ń kà á sí. Díẹ̀díẹ̀, ọ̀nì á yọ, ọ̀pọ̀lọ́ á yọ, ejò á lọ́ mọ́ra: ẹran omi, bó ti yẹ ọmọ ọlọ́sà. Níbòmíràn wọ́n á fa òwú sókè kó rí ṣákaṣàka bí inú màlúù. Ṣàkì ni wọ́n ń pè é.

Ọkọ̀ ojú omi gbé aṣọ yìí lọ sápá ìlà-oòrùn. Ọ̀nà omi yẹn léwu: ibẹ̀ ni àwọn Ìjọ́ ti mú Òṣífẹ́kúndé, oníṣòwò ọmọ Ìjẹ̀bú, ní nǹkan bí 1820, tó fi bára rẹ̀ lóko ẹrú ní Bràsíìlì. Ohun tó rántí nípa ilé ni d'Avezac, ọ̀mọ̀wé ará Faransé, tẹ̀ jáde ní Paris ní 1845. Síbẹ̀ aṣọ dé ọ̀dọ̀ àwọn Kalabari, ní agbègbè ẹnu odò Ọya. Wọ́n wo ọnà ara rẹ̀, ìjàpá ni wọ́n rí, wọ́n sì sọ ọ́ ní ikakibite, aṣọ ìjàpá. Àwọn obìnrin Akwete, nílẹ̀ Ìgbò, náà wò ó hun. Inú àpótí ìdílé ni àwọn Kalabari ń tọ́jú rẹ̀ sí láti ìran dé ìran. Bí àgbà ilé bá kú, wọn á tú u jáde, wọn á fi ṣe ibùsùn òkú lọ́ṣọ̀ọ́.