Àmì Ìkùnà Nínú Kóró Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Bí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Sọ Pé Ààyè Ti Tán

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní error code kò ní pẹ́ túmọ̀ rẹ̀ sí 'àmì àṣìṣe'. Lójú tèmi, ìtumọ̀ yìí kò tọ̀nà, kò sì yẹ kí a fi sínú èdè ìperí tí a ó fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè. Inú ìtàn ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí ni ó wà, ìtàn náà ni a ó sì yẹ̀ wò níhìn-ín.

Nínú ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, apá kan wà tí gbogbo apá yòókù gbára lé. Kernel ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí wọ́n mú láti ara kóró èso. Kóró náà ni a ó máa pè é. Lára iṣẹ́ kóró ni pínpín ìrántí kọ̀ǹpútà fún àwọn púrógíráàmù, gẹ́gẹ́ bí baálé ti ń pín ilẹ̀ oko fún àwọn ará ilé. Bí púrógíráàmù kan bá béèrè ààyè, tí ààyè kò sì sí, kóró gbọ́dọ̀ fún un lésì. Ẹni tí ó béèrè kò ṣe àṣìṣe. Ẹni tí ó ní kò sí kò ṣe àṣìṣe. Ilẹ̀ ni ó tán. Ìdí nìyí tí mo fi yan 'àmì ìkùnà'. Àṣìṣe wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí a ó ti rí i, ọ̀dọ̀ ẹni tí a fún lésì tí kò fetí sí i ni ó sábà máa ń wà, tàbí ọ̀dọ̀ ẹni tí ó fi àmì kan ṣoṣo jẹ́ iṣẹ́ méjì.

Kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie dá sílẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969. Ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1971. Nínú ìwé náà, kóró ní ọ̀nà ọ̀tọ̀ tí ó ń gbà sọ ìkùnà: bíìtì kan wà lára ẹ̀rọ PDP-11 tí kóró máa ń tàn bí iṣẹ́ bá kùnà. Èsì gan-an wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ di ti èdè C, tí wọ́n tilẹ̀ fi tún kóró fúnra rẹ̀ kọ ní 1973, nǹkan yí padà, nítorí ẹyọ èsì kan ṣoṣo ni ẹ̀ka-iṣẹ́ lè dá padà nínú èdè C. Wọ́n wá fi −1 ṣe àpẹẹrẹ ìkùnà, wọ́n sì ń fi ìdí ìkùnà náà pamọ́ sínú àpótí kan tí wọ́n pè ní errno. Ìdí kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀. 'Ààyè tán' ni nọ́mbà 12, ENOMEM. (Nínú ìwé Unix ti 1979, core ni wọ́n pe ìrántí nínú àlàyé nọ́mbà yìí, orúkọ tí ó ti ara òrùka kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣe ìrántí kọ̀ǹpútà láyé ọjọ́un.)

Nígbà tí Linus Torvalds, tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki ní Finland, bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991, nọ́mbà 12 ni ó lò fún un pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n nínú kóró Linux, a máa ń yí nọ́mbà ìkùnà sí òdì: èsì tó dára kì í wà ní òdì, −12 sì túmọ̀ sí pé ààyè tán. Èyí rọrùn, ó sì mọ́gbọ́n wá, àfi ní ibi tí èsì bá jẹ́ àdírẹ́sì. Lórí kọ̀ǹpútà oníbíìtì 32, àdírẹ́sì tí ó bá ju 2,147,483,647 lọ yóò dà bí nọ́mbà òdì lójú ẹni tí ó bá kà á ní àkàṣì. Àdírẹ́sì rere ni, ìkùnà ni ẹni náà rí. Àwa olùkọ́ mọ irú èyí dáadáa. Ẹ kọ 'igba' láìfi àmì ohùn sí i, kí ẹ wá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bóyá iye ni, tàbí igbá, tàbí ìgbà. Ohun tí àwọn olùtọ́jú Linux ṣe sí i ni pé wọ́n ya nọ́mbà 4,095 tí ó wà ní òpin òkè pátápátá sọ́tọ̀ fún ìkùnà, ibi tí àdírẹ́sì rere kankan kò lè bọ́ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ kùnà kò gbọdọ̀ béèrè pé 'ṣé òdì ni?' mọ́, ó gbọ́dọ̀ béèrè pé 'ṣé inú àwọn tí a yà sọ́tọ̀ ni?'

Ọ̀rọ̀ ọdún 2004 ni ó yẹ kí a dúró lé lórí. Linux ní ẹ̀ka-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ mremap, tí ń gbé sàkání ìrántí láti ibi kan lọ sí ibòmíràn. Bí ohun kan bá ti wà níbi tí a ń gbé e lọ, mremap á kọ́kọ́ pe ẹ̀ka-iṣẹ́ kejì, do_munmap, pé kí ó palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ó dà bí ẹni pé kò sí bí ìpalẹ̀mọ́ ṣe lè kùnà. Ta ni yóò fẹ́ dá ilẹ̀ padà tí a ó sọ fún un pé kò sí ilẹ̀? Ṣùgbọ́n ó lè rí bẹ́ẹ̀. Kóró ní ìwé ilẹ̀ kan fún sàkání kọ̀ọ̀kan. Bí a bá gé àárín sàkání kúrò, apá òsì àti apá ọ̀tún ni ó kù: ilẹ̀ kan ti di méjì, ìwé kan náà gbọ́dọ̀ di méjì. Iye ìwé tí púrógíráàmù kan lè gbà sì ní ààlà, ó lé díẹ̀ ní 65,000. Ẹni tí ó bá ti gba ìwé títí tí ó fi kan ààlà yìí, bí ó bá ní kí a gé àárín ilẹ̀ òun kúrò, −12 ni èsì tí yóò gbà. Do_munmap sọ ọ́ ketekete. Mremap kò tilẹ̀ wo èsì náà. Ó gbé ẹrù wọ orí ilẹ̀ tí ìwé àtijọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, àwọn ojú-ewé ìrántí wá bọ́ sábẹ́ ìwé tí kì í ṣe tiwọn, pẹ̀lú ẹ̀tọ́ tí kì í ṣe tiwọn. Paul Starzetz ni ó tú àṣírí yìí. Òun náà ni ó ti tọ́ka sí àléébù mìíràn nínú mremap kan náà ní oṣù kan ṣáájú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àyè láti lo kọ̀ǹpútà náà, bí ó ti wù kí ó kéré tó, lè tipa bẹ́ẹ̀ di ọ̀gá lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2004 ni Linux 2.4.25 àti 2.6.3 jáde pẹ̀lú àtúnṣe. Kókó àtúnṣe náà ni pé kí mremap wo èsì tí a fún un.

Ní ọdún kan náà ni GCC 3.4 jáde, tí ó jẹ́ kí a lè kọ ọ́ sára ẹ̀ka-iṣẹ́ pé ẹni tí ó bá pè é kò gbọdọ̀ ṣàìka èsì rẹ̀ sí. Linux ń pe àkọsílẹ̀ yìí ní __must_check.

Ohun mìíràn tí ó ń fi àṣìṣe pamọ́ ni pé ìkùnà kì í sábà wáyé. Ní 2014, àríyànjiyàn ńlá bẹ́ sílẹ̀ láàrin àwọn olùtọ́jú Linux nítorí pé bí apá kan nínú kóró bá béèrè ojú-ewé 8 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, kóró fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ pé kò sí. Yóò máa wá a kiri, yóò tilẹ̀ pa odindi púrógíráàmù kan láti rí i. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìlà tí wọ́n kọ dè 'ààyè tán' kò tíì ṣiṣẹ́ rí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni kò rìn, ta ni yóò mọ̀ pé afárá rẹ̀ ti já?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Bí púrógíráàmù bá fọwọ́ kan ojú-ewé tí kò tíì sí nínú ìrántí, kóró ní láti lọ mú un wá. Láti 2007, ẹ̀ka-iṣẹ́ tí ń ṣe èyí kì í fi nọ́mbà errno dáhùn rárá. Èsì rẹ̀ dà bí ìwé ìdáhùn tí àwa olùdánwò ń lò fún ìbéèrè oníyànfẹ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kun àpótí kéékèèké inú rẹ̀: àpótí kìn-ín-ní túmọ̀ sí pé ààyè tán, ìkarùn-ún túmọ̀ sí pé ìrántí fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n èdè C ń pe ìwé ìdáhùn yìí àti nọ́mbà errno ní oríṣi kan náà, ìyẹn int, àwọn tí ń kọ ẹ̀ka-iṣẹ́ sì máa ń ṣi ọ̀kan lò fún èkejì. Ẹ jẹ́ kí a kọ −12 ní bíìtì. Mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni 11110100. Bí a bá kà á láti ọwọ́ ọ̀tún, òfo ni àpótí kìn-ín-ní, èyí tí ó yẹ kí ó sọ pé ààyè tán. Àpótí karùn-ún, ti ìrántí tí ó bàjẹ́, ni a kùn. Ẹni tí ó fẹ́ sọ pé ààyè tán ti sọ àwọn nǹkan mìíràn láìsọ ọ́. Ní 2018 ni wọ́n dá oríṣi tuntun sílẹ̀ fún èsì yìí, vm_fault_t, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn ẹ̀ka-iṣẹ́ padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nísinsìnyí, bí ẹnì kan bá kọ −12 síbi tí ìwé ìdáhùn yẹ kí ó wà, Sparse, irinṣẹ́ tí Torvalds ṣe ní 2003 láti máa yẹ kóró wò, yóò tọ́ka sí i kí kóró náà tó dé orí ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni.