Sínágọ́gù Bevis Marks ní Lọ́ńdọ̀nù

Ọdún 1701 ni wọ́n ṣí Bevis Marks, kò sì sí sínágọ́gù mìíràn ní Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń lò láìdáwọ́ dúró tó pẹ́ tó o. Inú àgbàlá ló fara sin sí, láàárín àwọn ilé báńkì.

Ọba Edward Kìíní ti lé gbogbo Júù kúrò ní Gẹ̀ẹ́sì ní 1290. Àwọn tó padà wá lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 350 jẹ́ ìran àwọn Júù Sípéènì àti Pọ́túgà tí wọ́n fipá sọ di Kátólíìkì. Lójú ayé wọ́n ń lọ sí máàsì, nínú ilé wọ́n ń pa Sábáàtì mọ́. Ní 1655, Rábì Menasseh ben Israel ti Amsterdam wá bẹ Oliver Cromwell, olórí Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, nítorí wọn. Cromwell kò ṣòfin kankan, ṣùgbọ́n ó gbójú kúrò lára wọn, wọ́n sì háyà ilé kan ní Creechurch Lane fún àdúrà.

Nígbà tí ilé yẹn kò gbà wọ́n mọ́, Joseph Avis, ọmọ ìjọ Quaker, ló bá wọn kọ́ Bevis Marks. Òpó méjìlá ló gbé òkè táwọn obìnrin ń jókòó sí ró. Àwọn àga gbọọrọ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó wá láti Creechurch Lane. Ọ̀pá àbẹ́là onídẹ méje sì so rọ̀ láti àjà; títí dòní, àbẹ́là gidi ni wọ́n ń tàn sí wọn lọ́jọ́ ìgbéyàwó àti lọ́jọ́ ọdún.

Aáwọ̀ kan nínú ìjọ yìí kan gbogbo Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1813 wọ́n yan òǹkọ̀wé Isaac D'Israeli sípò aṣáájú ìjọ. Ó kọ̀. Wọ́n ní kó san owó ìtanràn 40 pọ́ùn, ó fàáké kọ́rí. Nígbà tó di 1817, ó ti fi ìjọ sílẹ̀, wọ́n sì ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ rẹ̀. Benjamin, ọmọ ọdún 12, wà lára wọn. Láyé ìgbà náà, ìbúra Kristẹni ló ń ti ilẹ̀kùn ilé aṣòfin mọ́ àwọn Júù, títí di 1858. Benjamin Disraeli ti wọlé láti 1837, ó sì di olórí ìjọba ní 1868. Ká ní àwọn àgbà ìjọ ti fojú fo 40 pọ́ùn yẹn dá, ó ṣòro kó tó débẹ̀.

Àdó olóró tí ẹgbẹ́ IRA ti Ireland fi sí àdúgbò náà ní 1992 àti 1993 ba ilé náà jẹ́. Wọ́n tún un ṣe. Ilé gogoro ló wá kù tí wọ́n ń bá jà báyìí. Àbẹ́là kò mọ́lẹ̀ tó láti fi kàwé, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé sì ni olùjọ́sìn ń gbára lé láti ríwé àdúrà. Kí ìmọ́lẹ̀ yẹn má bàa dí ni ìjọ ṣe ta ko ilé alájà 48 tí àwọn kọ́lékọ́lé fẹ́ kọ́ sítòsí, ìgbìmọ̀ ìlú sì kọ̀ ọ́ ní 2021. Àwọn kọ́lékọ́lé náà tún mú àwòrán mìíràn wá ní 2024. Ìgbìmọ̀ tún dá a padà.