Hawaiian: ti Hàwáì, ọmọ Hàwáì, èdè Hàwáì

Ìsọ̀rí: ọ̀rọ̀ àpèjúwe àti ọ̀rọ̀ orúkọ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Orísun: Láti ara Hawaii ni a ti ṣẹ̀dá rẹ̀. Orúkọ erékùṣù tó tóbi jù lọ nínú ọ̀wọ́ erékùṣù kan ní Òkun Pàsífíìkì ni, òun náà sì ni gbogbo ọ̀wọ́ náà ń jẹ́ lónìí. Erékùṣù ńlá ibẹ̀ jẹ́ 8. Lẹ́yìn tí James Cook dé ibẹ̀ ní ọdún 1778, Sandwich Islands ni àwọn òyìnbó ń pè é. Bí atúmọ̀ èdè bá pàdé orúkọ yìí nínú ìwé àtijọ́, Hàwáì ni kí ó kọ; kí ó má sì dà á pọ̀ mọ́ South Sandwich Islands, tó wà ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì.

Ìtumọ̀

1. *Ti Hàwáì:* ohun tó jẹ mọ́ ilẹ̀, òkun tàbí ìjọba ibẹ̀. *Òkè ayọnáyèéfín Hàwáì; ìtàn Hàwáì.*

2. *Ọmọ Hàwáì:* ẹni tó jẹ́ ìran àwọn tó ti ń gbé erékùṣù náà kí Cook tó dé. Kānaka Maoli ni wọ́n ń pe ara wọn.

3. *Èdè Hàwáì:* èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, tó bá èdè Máórì, Tàhítì àti Sàmóà tan.

4. *Nínú orúkọ àwọn ohun kan,* yálà Hàwáì ni wọ́n ti wá tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ (wo ìsàlẹ̀).

Ìlò

Èdè Yorùbá kò ní àfòmọ́ tó ń sọ orúkọ ìlú di ọ̀rọ̀ àpèjúwe. Orúkọ ìlú fúnra rẹ̀ ni a ń fi tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orúkọ: *orin Hàwáì, oúnjẹ Hàwáì*. A máa ń lo *ti* nígbà tí a bá fẹ́ fi ìyàtọ̀ hàn, tàbí nígbà tí a kò bá dárúkọ ohun náà: *Ti Tàhítì kọ́, ti Hàwáì ni.*

Ọmọ àbí ará? Ibí yìí ni àṣìṣe pọ̀ sí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Kalifọ́níà ni Gẹ̀ẹ́sì lè pè ní Californian, ṣùgbọ́n ní Hàwáì, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń gbé ibẹ̀ ni a ń pè ní Hawaiian. Àwọn onílẹ̀ ni orúkọ náà wà fún, wọn kò sì tó ìdajì àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lónìí. Yorùbá ti ní ìyàtọ̀ yìí tẹ́lẹ̀: ará Ìbàdàn lè jẹ́ ẹni tó kó dé ní àná, ṣùgbọ́n ọmọ Ìbàdàn ní agbo ilé tí a lè béèrè rẹ̀ sí. Nítorí náà, *ọmọ Hàwáì* ni Hawaiian. *Ará Hàwáì* ni ẹni tó kàn ń gbé ibẹ̀.

*He lives in Hawaii but is not Hawaiian.*
Hàwáì ni ó ń gbé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ Hàwáì.

Nínú ìwé òfin. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1921 ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn onílẹ̀, láti yá wọn fún ọdún 99 ní dọ́là 1 lọ́dún. Ẹni tí ìdajì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó kéré tán, bá jẹ́ ti onílẹ̀ ni òfin náà pè ní native Hawaiian. Nínú òfin ìpínlẹ̀ náà, Hawaiian láìsí native lè jẹ́ ẹnikẹ́ni tó wá láti ìran náà, bó ti wù kí ẹ̀jẹ̀ náà kéré tó. Bí a bá túmọ̀ méjèèjì sí *ọmọ Hàwáì*, a lè fi ilẹ̀ lé ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí i lọ́wọ́ nínú ìtumọ̀ wa, tàbí kí a gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí a kọ èkejì ní kíkún: *ọmọ Hàwáì tí ẹ̀jẹ̀ onílẹ̀ rẹ̀ tó ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.*

Nínú ìtàn. Hàwáì ní ọba tirẹ̀ títí di ọdún 1893, nígbà tí wọ́n rọ Ọbabìnrin Liliʻuokalani lóyè. Amẹ́ríkà gba ilẹ̀ náà mọ́ tirẹ̀ ní 1898, ó sì di ìpínlẹ̀ ní 1959. Nínú ìwé ìgbà ọba, Hawaiian subject lè jẹ́ àlejò tó wá di ọmọ abẹ́ ìjọba náà. *Ọmọ abẹ́ ọba Hàwáì* ni kí a pè é.

Èdè náà. Òfin 1896 sọ Gẹ̀ẹ́sì di èdè ìkọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́, èdè Hàwáì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Ní 1978, òfin ìpínlẹ̀ náà sọ ọ́ di èdè ìjọba pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà, kí a wádìí kí a tó túmọ̀ Hawaiian school: *ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Hàwáì* yàtọ̀ sí *ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń fi èdè Hàwáì kọ́ni*.

Kí ẹni tó ń da orúkọ kọ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ìlà orí fáwẹ̀lì níbẹ̀ kì í ṣe àmì ohùn. Fífa fáwẹ̀lì gùn ló ń tọ́ka sí. Àmì ʻ jẹ́ kọ́ńsónáǹtì gidi: *pau* ni “ó ti parí”, *pāʻū* sì ni yẹ̀rì.

Orúkọ àwọn ohun. *Ẹ̀wù Hàwáì* ni ẹ̀wù olódòdó aláwọ̀ mèremère. *Gìtá Hàwáì* ni èyí tí wọ́n ń fi irin yọ́ lórí okùn rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, irú-ọmọ rẹ̀ tó ní ẹsẹ̀ títẹ̀ ni King Sunny Adé sì mú wọ inú orin jùjú. Ṣùgbọ́n Hawaiian pizza kò ti Hàwáì wá: Sam Panopoulos, ọmọ Gíríìsì, ló kọ́kọ́ ṣe é ní Kánádà ní 1962. *Písà ọlọ́pẹ̀yìnbó* yé ènìyàn jù.

Tún wo: ará, ọmọ, onílẹ̀, ti.